Ère Màmá Táyé Tí Kò Lórí

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí mo wọṣẹ́ ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kékeré kan ní Ore, ọ̀gá mi fi àkísà lé mi lọ́wọ́. Ó ní, "Fúnmi, máa nu eruku ara àwọn ère, kí o sì máa ṣàlàyé wọn fún àlejò." Iṣẹ́ náà rọrùn títí mo fi dé ìdí èyí tó tóbi jù: odindi ìtì ìrókò, kò lórí, kò lápá, ó tẹ̀ síwájú bí ẹni tó fẹ́ ṣubú. Mo yí i po títí, n kò mọ ohun tí mo máa sọ.

"Kí lèyí, sà?"

"Màmá Táyé ló gbẹ́ ẹ. Òun ni obìnrin àkọ́kọ́ tó gbẹ́ ère lágbègbè yìí."

"Mo gbọ́, sà. Ṣùgbọ́n kí ni?"

Ó ní òun náà ò mọ̀.

Àwọn ológun ló ń ṣèjọba nígbà náà, ìlú le, wọ́n sì ń dá òṣìṣẹ́ dúró lọ́tùn-ún lósì. Èmi tó ríṣẹ́ nírú àkókò bẹ́ẹ̀ kò fẹ́ wàhálà. Àmọ́ àwọn ará ilé àdúrà wa ní Agọ Alaye gbọ́ pé òrìṣà ni mò ń nù, wọ́n ní dandan ni kí n fiṣẹ́ sílẹ̀. Ìyá mi, tó ń gbẹ̀bí nílé àdúrà náà, wọ aṣọ funfun, ó wá wò ó fúnra rẹ̀.

Ó dúró pẹ́ níwájú ère náà. Ó wá lọ sẹ́yìn rẹ̀, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e ní bàdí, ó rọra tẹ̀ ẹ́ bó ṣe máa ń ṣe fún aboyún.

"Ó ń rọbí ni," ló wí. "Òrìṣà kọ́."

Ó sọ bẹ́ẹ̀ fún àwọn ará ilé àdúrà, wọ́n sì fi mí sílẹ̀. Látìgbà náà, ìrọbí ni mò ń sọ fún àlejò. Lọ́jọ́ kan, ìyá arúgbó kan dúró tì wọ́n, ó ń gbọ́. Màmá Táyé ni.

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ?"

"Ìyá mi ni, mà."

"Obìnrin tó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti gbé agbọ̀n kòkó ni mo gbẹ́."

Mo kúnlẹ̀. "Ẹ má bínú, mà. Màá tún un sọ."

 Ó lọ sẹ́yìn ère náà, ó gbé ọwọ́ lé ibi tí ìyá mi gbé ọwọ́ lé.

"Má tún nǹkan kan sọ," ló wí, ó sì jáde.

Mo ròyìn rẹ̀ fún ìyá mi. "Agbọ̀n wo?" ló bi mí. "Èèyàn lè gbẹ́ nǹkan kó má mọ ohun tóun gbẹ́."

Ọ̀rọ̀ náà dà rú mọ́ mi lójú, kò sì tíì yé mi títí dòní. Méjèèjì ni mò ń sọ fún àlejò títí mo fi fẹ̀yìn tì. Bí wọ́n bá bi mí pé èwo gan-an ni òótọ́, màá ní n kò mọ̀, kí wọ́n lọ sẹ́yìn rẹ̀ kí wọ́n fọwọ́ kàn án. Bí wọ́n bá ti fọwọ́ kàn án tán, ọ̀pọ̀ wọn kì í béèrè mọ́.