Ta Ni Yóò Bi Ọ̀gá Àgọ́ Náà Léèrè Ikú Akọ̀ròyìn Wa?

Akọ̀ròyìn wa kú sí etí títì tó gba ẹ̀yìn ọjà, ní ojúmọmọ, nígbà tó ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀. Mọ́tò kan ló gbá a. Wọ́n bá pọ́ọ̀sì rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, owó inú rẹ̀ pé. Fóònù rẹ̀ àti ẹ̀rọ tó fi ń gba ohùn sílẹ̀ nìkan ni wọn kò rí. Àwọn ọlọ́pàá ní ìjàǹbá ọkọ̀ lásán ni. Irú ìjàǹbá wo ló ń pa ènìyàn tán, tó tún ń sọ̀kalẹ̀ wá ṣa èyí tó fẹ́ nínú ẹrù rẹ̀?

Ẹ jẹ́ kí n sọ irú ẹni tó jẹ́, nítorí àwọn tó yẹ kí wọ́n sọ ọ́ ti pa ẹnu wọn mọ́. Ìyà tí wọ́n fi ń jẹ àwọn tó wà ní àhámọ́ ló ń kọ nípa rẹ̀. Tó bá dé ọ̀dọ̀ ìyá tí ọmọ rẹ̀ kú sí àtìmọ́lé, kì í yọ ẹ̀rọ jáde títí ìyá náà yóò fi sunkún tẹ́ ara rẹ̀ lọ́rùn. Nígbà mìíràn, ilẹ̀ ni yóò jókòó sí, tí yóò máa bá wọn ká aṣọ ọmọ tó kú.

Ìwà ọmọlúàbí yìí gan-an ló kó bá a. Òfin ilé iṣẹ́ wa ni pé a kò gbọdọ̀ tẹ ẹ̀sùn jáde láìkọ́kọ́ gbọ́ ẹnu ẹni tí a fẹ̀sùn kàn. Ọ̀pọ̀ wa a máa ṣe é wàrà-wàrà, bí ẹni ń sá fún òjò. Òun kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ó pe ọ̀gá àgọ́ ọlọ́pàá tí ọ̀dọ́mọkùnrin kan kú sí, ó kí i dáadáa, ó ka gbogbo ẹ̀sùn náà fún un, ó sì sọ ọjọ́ tí ìròyìn náà yóò jáde. Àwọn tí wọ́n jẹ́rìí fún un, tí wọ́n ṣì wà ní àhámọ́ níbẹ̀, nìkan ni kò dárúkọ.

"Ẹni tí ò ń tú àṣírí ẹ̀ lo tún ń pè ní sà!" ni ẹlẹgbẹ́ wa kan fi ṣe é ní yẹ̀yẹ́.

"Ilé tí wọ́n ti tọ́ mi ni kí o lọ bá jà," ló fi ẹ̀rín dá a lóhùn.

Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, ohùn kan tí kò mọ̀ pè é: "Ṣé ọ̀nà ẹ̀yìn ọjà yẹn náà lo ṣì ń gbà relé?" Ó gba olú iléeṣẹ́ ọlọ́pàá lọ. Ẹni tó wà lórí káńtà bi í bóyá wọ́n ti fọwọ́ kàn án. Ó ní rárá.

"Tí wọ́n bá ti ṣe ẹ́ ní nǹkan, kí o padà wá."

Wọ́n ti ṣe é ní nǹkan. Ṣé kí ó padà wá báyìí?

Mo tẹ̀ lé ìyá rẹ̀ lọ síbẹ̀ lẹ́yìn ìsìnkú. Ọkùnrin orí káńtà náà kò dìde fún àgbàlagbà, kò fi ìjókòó lọ̀ ọ́. "Màmá, ẹ lọ sinmi. Ọmọ yín náà ló ń wá ọ̀rọ̀ kiri."

"Ọ̀rọ̀ kọ́ ló gbá a, ọmọ mi," ni ìyá náà fèsì. "Mọ́tò ni. Ẹnìkan ló sì wà á."

N kò sọ pé ọ̀gá àgọ́ náà ló rán awakọ̀ náà. Ohun tí mo ń sọ ni pé kò sí ẹnikẹ́ni tó tíì bi í léèrè ẹni tó bá sọ̀rọ̀ lẹ́yìn tó gbé fóònù sílẹ̀ lọ́jọ́ tí akọ̀ròyìn wa pè é.

Àwọn aláṣẹ fi ọ̀rọ̀ ìbánikẹ́dùn ránṣẹ́, wọ́n pe olóògbé ní akíkanjú. Akíkanjú! Ẹni tó ké gbàjarè, tí ẹ ní kó máa lọ sílé? Olóòtú wa ńkọ́? Ìròyìn náà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí mo bi í, ó tún táì rẹ̀ ṣe, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣáà mọ òfin wa. A ṣì ń dúró de èsì ọ̀gá àgọ́." Òfin tí olóògbé náà pa mọ́ títí dójú ikú ni wọ́n wá fi ń bo iṣẹ́ rẹ̀ mọ́lẹ̀. Irú àìnítìjú wo nìyí?

Olóòtú, ẹ tẹ ìròyìn náà jáde lọ́la, kí ẹ sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé a pe ọ̀gá àgọ́, kò fèsì. Ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá, ẹ yọ ọ̀gá àgọ́ náà kúrò lórí àga, kí ẹ sì bi í ní ìbéèrè ní gbangba, lójú ìyá tó sin ọmọ rẹ̀. Ẹ má sì fi falẹ̀. Abẹ́ àṣẹ ọ̀gá yìí kan náà ni àwọn ẹlẹ́rìí olóògbé sùn lánàá, kò sì sí ẹni tí yóò kọ igbe wọn sílẹ̀ mọ́. Ẹ lọ ṣí ilẹ̀kùn àhámọ́ náà lónìí, nígbà tí wọ́n ṣì lè fi ẹsẹ̀ ara wọn rìn jáde.