Okùn Ìbọn Àjọrọ

Ọ̀ràn okùn ni kì í jẹ́ kí Àmúdà, bàbá Mùyìbátù, jókòó jẹ́ẹ́ nídìí tẹlifíṣọ̀n. Bí ọjọ́ ọdún Ìmùlẹ̀ bá kò, tí àwọn sójà ń yan kọjá, tí wọ́n gbé ìbọn kọ́ èjìká, bàbá á dìde, á lọ tẹ imú mọ́ gíláàsì, á máa wá ọnà ara okùn ìbọn kiri. Àwọn ará ilé á máa ráhùn pé ó dí àwọn lójú, kò ní yẹ̀ fún wọn. Okùn ló máa ń rí, kì í rí ọnà. Okùn aláwọ̀ ilẹ̀ tó rí pẹlẹbẹ, àfi bíi pé ọ̀lẹ kan ló hun ún.

Bẹ́ẹ̀ òun fúnra rẹ̀ ló hun ún, ó sì mọ ọnà tó fi sí i.

Nínú ayé tí ìtàn yìí ti ṣẹlẹ̀, àwọn òyìnbó dé etí òkun, wọ́n ra epo, wọ́n ta iyọ̀, wọ́n sì wọ ọkọ̀ wọn padà lọ. Wọn kò jọba lé ẹnikẹ́ni lórí. Àwa ni a bá ara wa jà títí ó fi sú wa. Nígbà tí ogun tán, àwọn ìlú mulẹ̀ pé ìlú kan ṣoṣo kò tún ní lè dá ìbọn ṣe mọ́ láéláé. Bí ìbọn Àjọrọ ṣe dáyé nìyẹn. Ṣakí ń rọ ọ̀pá rẹ̀, Ìgbòho ń gbẹ́ ìdí rẹ̀ láti ara igi apá, Ìlùà ń ṣe ọta. Ìsẹ́yìn ló ni okùn tí wọ́n fi ń gbé e kọ́ èjìká, nítorí pé òfì Ìsẹ́yìn kì í hun aṣọ tó fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, ìwọ̀n tí èjìká ènìyàn sì fẹ́ náà nìyẹn. Ìlú tó bá fẹ́ fi Àjọrọ jagun ní láti kọ́kọ́ bẹ àwọn ìlú yòókù, kí ó sì tó bẹ̀ wọ́n tán, inú tó ń bí i á ti rọ̀. Ọlọ́gbọ́n ni àwọn baba yẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n dá wàhálà sílẹ̀ fún Àmúdà.

Òfin méjì ló tẹ̀lé ìmùlẹ̀ náà. Wọ́n ní Àjọrọ kì í sùn ní odindi: bí ọjọ́ bá ti ń rọ̀, wọ́n á tú u, ẹ̀yà ìlú kọ̀ọ̀kan á sì lọ sí yàrá tirẹ̀ ní bárékè. Wọ́n tún ní ẹni tó bá ń ṣe ẹ̀yà kan kò gbọdọ̀ sún mọ́ odindi rẹ̀ débi tí ọwọ́ rẹ̀ á fi tó o, kó má baà lọ jí iṣẹ́ ìlú ẹlòmíràn kọ́. Òfin kejì yìí ló há Àmúdà lọ́fun. Látìgbà tó ti gba òfì lọ́wọ́ bàbá rẹ̀ ló ti ń hun okùn Àjọrọ, irùngbọ̀n rẹ̀ sì ti funfun báyìí, síbẹ̀ kò mọ bí irin ìbọn náà ṣe tutù tó.

Kò sí ẹni tí kò bi léèrè nípa ìbọn náà rí. Ọjọ́ tí sójà kan wá kírun Jímọ̀ ní mọ́ṣáláṣí àdúgbò wọn, bí wọ́n ṣe sálámà tán ni bàbá ti sún mọ́ ọn, ó ní ṣé ìbọn yẹn wúwo. Sójà ní ó wúwo bí ọmọ tó ti sùn. Ó ní ṣé ó máa ń ta ènìyàn nípàá bí wọ́n bá yìn ín. Sójà ní bẹ́ẹ̀ ni, bí ẹni kò bá dì í mú dáadáa. Ó ní báwo ló ṣe ń dún. Sójà ní ó máa ń dún kó, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, òkè á sì dá a lóhùn. Bàbá fẹ́ mọ̀ bóyá òkè máa ń tètè dáhùn ni àbí ó máa ń pẹ́. Sójà náà gbé bàtà rẹ̀, ó ní òun ń lọ.

Ìbéèrè kan ló wà ní ìsàlẹ̀ gbogbo ìyókù, kò sì fi í lọ ẹnikẹ́ni: níbo ni ọnà òun ń lọ? Ilé ahunṣọ kọ̀ọ̀kan ní Ìsẹ́yìn ló ní ọnà tirẹ̀. Ti ilé Àmúdà ni ẹsẹ̀ àparò, òwú tó yọ sókè díẹ̀díẹ̀ lójú aṣọ bí ipa ẹsẹ̀ ẹyẹ lórí ilẹ̀ oko. Àwọn sójà kò bẹ̀ wọ́n ní ọnà o. Okùn tó yi ni wọ́n ní kí wọ́n hun. Ṣùgbọ́n ahunṣọ wo ló fẹ́ kí okùn tí kò lọ́nà jáde nílé òun? Bàbá rẹ̀ máa ń sọ pé ìdè ewúrẹ́ nìyẹn.

Ojú rẹ̀ wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bàìbàì. Ó kọ́kọ́ pè é ní eruku ọyẹ́, ṣùgbọ́n ọyẹ́ lọ, òjò dé, kò kúrò. Muhydeen, olórí àwọn ahunṣọ, tó jẹ́ àbúrò fún un lẹ́nu iṣẹ́, ló kọ́kọ́ rí i lára okùn. Ó bá ibi tí òwú ti gun ara wọn, tí ọnà kó jọ, tó le gbandi sójú kan. Ó jókòó ti Àmúdà, ó rẹ ohùn sílẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ojú yín ti ṣe gudugudu méje rẹ̀. Bí ẹ bá hun èyí tó wà lórí òfì yìí tán, ẹ jẹ́ kó tó bẹ́ẹ̀."

Àmúdà dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí Muhydeen lọ tán, inú bí i, omi sì bọ́ lójú rẹ̀. Kì í ṣe òkùnkùn ló ń bà á lẹ́rù tó bẹ́ẹ̀. Ohun tó ń dùn ún ni pé ojú òun lè fọ́ kí òun tó rí ibi tí ẹsẹ̀ àparò ń rìn lọ.

Mùyìbátù ló máa ń di okùn lọ sí bárékè Ṣakí. Bó ṣe ń di ẹrù lọ́tẹ̀ yìí, bàbá ti wọ dàńṣíkí, ó ti dé fìlà.

"Mo ń bá ọ lọ."

"Bàbá, kí lẹ fẹ́ lọ ṣe?"

"Mo fẹ́ lọ bèèrè ọ̀rọ̀."

"Wọn ò ní jẹ́ kẹ́ ẹ rí i. Ẹ̀yin náà mọ òfin."

"Abèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà," ni bàbá wí, ó sì ti jáde.

Táyà bọ́ọ̀sì wọn jò lójú ọ̀nà. Gbogbo èrò ọkọ̀ ń kùn, Mùyìbátù náà ń kùn, nítorí kí wọ́n tó dé Ṣakí, oòrùn ti ń wọ̀. Wọn kò mọ̀ pé oore ni táyà yẹn ṣe wọ́n. Fẹ́yìsetán, sárjẹ́ǹtì obìnrin tó ń ṣọ́ yàrá okùn, ló wá pàdé wọn lẹ́nu géètì. Ó kúnlẹ̀ kí bàbá pẹ̀lú aṣọ sójà lọ́rùn.

"Ẹ kú ìrìn, Bàbá. Ṣùgbọ́n òfin ò gbà á kí n jẹ́ kẹ́ ẹ sún mọ́ ìbọn."

"Ṣé wọn ò tíì tú u ni?"

"Wọ́n ti tú u, sà. Oòrùn ti wọ̀."

Bàbá fi ọ̀pá rẹ̀ kan ilẹ̀. "Odindi ni òfin ní kí n má sún mọ́. Kí ni òfin wí nípa ẹ̀yà?"

Mùyìbátù wolẹ̀. Fẹ́yìsetán bojú wẹ̀yìn wo ọ̀gá rẹ̀ tó ń ṣàlùwàlá lọ́ọ̀ọ́kán, ẹ̀rín sì bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ó ní òfin ò wí nǹkan kan nípa ẹ̀yà.

Ó tẹ́ ẹní sílẹ̀ lẹ́bàá géètì. Ó gbé ọ̀pá ìbọn wá, ó gbé ìdí rẹ̀ wá, ó mú ọta kan wá, ó sì fi àyè sí àárín wọn kí wọ́n má baà kan ara wọn. Àmúdà jókòó sílẹ̀. Ó gbé ọ̀pá irin lé ẹsẹ̀, ó sì mọ bó ṣe tutù tó níkẹyìn. Ó gbóòórùn rẹ̀. Ó fọwọ́ wá ibi tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ sójà ti máa ń sinmi lára igi apá, ó bá a, igi náà ti jẹ níbẹ̀, ó ń dán. Ó bèèrè ibi tí ọta ń gbà wọlé àti ibi tí pàǹtí rẹ̀ ń gbà jáde. Ó bèèrè títí Mùyìbátù fi jókòó lé ẹrù.

Fẹ́yìsetán wá mú okùn kan wá láti yàrá. Bàbá gbé e súnmọ́ ojú níbi tí ìmọ́lẹ̀ kù sí, ó yí i padà, ó tún un yí. Ojú rẹ̀ kò dáa mọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó ti fi aṣọ ṣe ayé kò nílò kí wọ́n là á yé e. Ẹ̀yìn okùn, tí kò lọ́nà, ti ṣá nínú oòrùn. Ojú okùn náà, níbi tí ẹsẹ̀ àparò wà, kò ṣá rárá. Òógùn ló wà níbẹ̀.

"Inú lẹ ń kọjú ọnà sí," ló wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá. Òwú ọnà náà máa ń dán jù. Bí oòrùn bá kàn án nínú pápá, ọ̀tá á ti rí wa lókèèrè. Ara èjìká la máa ń kọjú ẹ̀ sí."

Ó dun Àmúdà. Ó dùn ún débi pé kò lè gbé okùn náà sílẹ̀, kò sì fẹ́ wò ó mọ́. Gbogbo ẹsẹ̀ àparò tó ti hun láyé rẹ̀, kò sẹ́ni tó rí i rí. Mùyìbátù dìde, ó ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ ká máa lọ."

"Ẹ dúró ná," ni Fẹ́yìsetán wí. "Ta ló sọ fún yín pé ojú la fi ń rí i?"

Ó ṣàlàyé fún wọn. Yàrá okùn kò ní fèrèsé, wọn kì í sì í gbé iná wọ ibẹ̀ nítorí òróró ìbọn tó ti rin àwọn okùn náà. Ní ìdájí, sójà kọ̀ọ̀kan ní láti wọlé lọ mú okùn tirẹ̀, ọwọ́ ni wọ́n sì fi ń wá a. Ọwọ́ mọ iṣẹ́ ilé Muhydeen yàtọ̀, ó mọ ẹsẹ̀ àparò yàtọ̀. Àwọn tí okùn wọn ti ilé kan náà wá ló máa ń bá ara wọn fa wàhálà, nítorí ọ̀kan kò yàtọ̀ sí èkejì.

"Èmi kì í ṣi tèmi mú," ló wí. Ó wọlé, ó mú un jáde, ó sì fi í lé bàbá lọ́wọ́.

Ìka Àmúdà rìn lórí rẹ̀, ó sì dúró lójijì. Ibi gbandi yẹn ni. Ó rántí ọjọ́ tó hun ún, bí òwú ṣe pòórá mọ́ ọn lójú.

"Ọmọ mi, àṣìṣe nìyí. Ojú mi ló fà á."

Fẹ́yìsetán rẹ́rìn-ín. "Bàbá, àparò kan ò ga ju ọ̀kan lọ, àfi èyí tó bá gun orí ebè. Tèmi ti gun ebè. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń bi mí níbi tí mo ti rí i. Ó ti pẹ́ tí èmi náà ti ń wá ẹni tó hun ún."

"Ìwọ náà ń wádìí mi?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tún un ṣe o."

Inú bàbá dùn débi pé kò béèrè nǹkan kan mọ́ títí wọ́n fi padà dé Ìsẹ́yìn. Ẹ̀rù ìyẹn gan-an ba Mùyìbátù.

Nígbà tí Muhydeen wá wò ó bóyá ó ti hun ti orí òfì tán, ó bá bàbá nídìí iṣẹ́, ojú rẹ̀ wà ní dídì, ọwọ́ rẹ̀ ń lọ, ó ń bọ̀. Àwọn okùn tó ti hun parí wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Muhydeen bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wò wọ́n, ó sì mi orí.

"Ẹ̀gbọ́n, gbandi ló tún wà lára gbogbo wọn. Kò sí èyí tó bá èkejì mu."

"Di ojú rẹ."

"Ẹ̀gbọ́n?"

"Di ojú rẹ ná, kí o tó wò ó."

Muhydeen di ojú. Àmúdà mú okùn kan, ó fi í sí i lọ́wọ́. Ìka Muhydeen rìn lọ lórí ẹsẹ̀ àparò títí ó fi dé orí ebè, ó sì dúró níbẹ̀.