Bí Mo Ṣe Mú Bùọ̀dá Mi Tí Kì Í Jẹ Àlùbọ́sà Lọ sí Iléṣà

Ilẹ̀ kò tíì mọ́ tí mo ti ń se ìrẹsì funfun tí bùọ̀dá mi yóò jẹ kí a tó kúrò ní Òkè Baálẹ̀ l'Óṣogbo. Láti ìgbà tí ìyàwó wọn ti kú ni wọ́n ti ń gbé lọ́dọ̀ mi, èmi ni mo sì ń wá oúnjẹ tí ẹnu wọn yóò gbà. Wọn kì í jẹ àlùbọ́sà. Wọn kì í jẹ ọbẹ̀ tó bá ń yọ̀. Ẹja tó bá ti ní orí, ojú burúkú ni wọ́n fi ń wò ó. Ọkùnrin tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba ní Àbẹ̀rẹ̀ ni mo ń sọ yìí o, kì í ṣe ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi. Ó ti sú mi. Mo ní kí wọ́n lọ lo ìgbà díẹ̀ lọ́dọ̀ Tóbi, ọmọ wọn tó lọ́kọ sí Iléṣà.

A wọkọ̀ ní Òkè Fìà. Owó ọkọ̀ ti tún lé sí i, ọ̀nà kò sì dára sí i. Táyà jò nítòsí Ìbòkun. Bí dẹ́rẹ́bà ṣe ń pààrọ̀ rẹ̀, mo ra bọ̀ọ̀lì gbígbóná. Bùọ̀dá yí tiwọn síwá, wọ́n yí i sẹ́yìn, wọ́n ní eérú wà lára rẹ̀.

Dẹ́rẹ́bà bi mí pé, "Màmá, ṣé ara bàbá yìí ò yá ni?"

"Ara wọn le. Ẹnu wọn ni kò gbádùn."

Ìyá ọkọ Tóbi fúnra rẹ̀ ló gúnyán dè wá. "Uyán" ni àwọn Ìjẹ̀ṣà ń pè é, wọn kì í sì í fi ṣeré. Lọ́dọ̀ tiwa l'Óṣogbo, bí àlejò bá dé, ẹ̀bà náà ti tó. Bùọ̀dá fi ìka tú ọbẹ̀ ẹ̀gúsí wò.

"Ṣé kò sí àlùbọ́sà níbẹ̀?"

Tóbi sorí kọ́ níwájú ìyá ọkọ rẹ̀. Ojú gbà mí tì.

Ìyá náà ní, "Àna wa, kí lẹ ń jẹ nílé?"

"Iṣu sísè. Ẹyin dídín, iyọ̀ nìkan."

"Iṣu ṣì kù nínú ìkòkò. Ẹyin náà wà. Ẹ jẹ́ ká lọ sí kíṣínì."

"Èmi kẹ̀?"

"Ẹ̀yin lẹ mọ bó ṣe ń wù yín."

Mo fẹ́ dìde. Ìyá náà fà mí láṣọ, ó ní, "Ẹ jókòó, ẹ jẹ uyán yín."

Láti ibi tí mo jókòó sí ni mo ti ń wo bùọ̀dá ní kíṣínì. Wọ́n fọ́ ẹyin, èèpo bọ́ sí i, wọ́n ń ṣa á lọ́kọ̀ọ̀kan. Apá kan jóná. Wọ́n jẹ ẹ́ tán, wọ́n fi iṣu nu abọ́. Inú bí mi ju ìgbà tí wọn kò jẹun lọ: wọn kì í jẹ tèmi tán báyìí.

Èmi nìkan ni mo padà lọ́jọ́ náà. Ẹ̀kọ́ tí mo mú bọ̀ kò ju ọ̀kan lọ: àgbàlagbà tó bá ń ṣa oúnjẹ jẹ, kó máa sè é. Mi ò tíì bọ́ bàtà tí fóònù fi dún. Bùọ̀dá ni.

"Ẹyin alẹ́ yìí ti níyọ̀ jù."

"Ta ló dín in?"

"Èmi ni."

"Ẹ jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀, bùọ̀dá mi."

"Mo ti jẹ ẹ́."