Bàbá Téèpù Wọn Òkúta, Ó Gbàgbé Orúnkún

Káfíńtà kan wà tí kì í jáde nílé láìmú téèpù dání. Bí ó bá lọ kí èèyàn nílé, kó tó jókòó, á ti wọn àga. Bí wọ́n bá gbé ọmọ tuntun lé e lọ́wọ́, á wo ọmọ náà látorí dé àtẹ́lẹsẹ̀, á ní ibùsùn ẹni yìí kò gbọdọ̀ kúrú ju báyìí lọ. Ìgbà tó yá, àwọn ará àdúgbò kò pè é ní Káfíńtà mọ́, Bàbá Téèpù ni wọ́n ń pè é, òun náà sì ń dáhùn. Ilẹ̀kùn tó bá kàn kì í ha. Tábìlì tó bá kàn kì í mì. Àṣìṣe kan ṣoṣo ló ṣe láyé, inú ilé ìdáná ìyàwó rẹ̀ ni àṣìṣe náà sì ń gbé: àpótí ìjókòó kékeré kan tó kàn nígbà tó ń kọ́ṣẹ́, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrú. Òun ló gbé lọ fún obìnrin náà nígbà tó ń wá ojúrere rẹ̀, nítorí kò ní ohun mìíràn tó lè gbé lọ. Látìgbà tí wọ́n ti fẹ́ra ló ti ń wá ọjọ́ tó máa fi àpótí náà dáná. Ìyàwó rẹ̀ kò gbà fún un.

Olùkọ́ jẹ́lé-ó-sinmi ni ìyàwó yìí, ní ilé-ìwé kékeré tó wà lórí òkè. Ìyá Jẹ́lé ni tọmọdé tàgbà ń pè é. Ó ti lo ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n lẹ́nu kíkọ́ àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ bí a ṣe ń di okùn bàtà àti bí a ṣe ń nu imú láìlo apá aṣọ. Ó ku ọdún mẹ́ta kó fẹ̀yìn tì. Ṣùgbọ́n òjò ọdún náà gbẹ́ ọ̀nà òkè bí ẹni gbẹ́ abọ́ igi, bọ́ọ̀sì tó ń gbé wọn gòkè sì ní òun ò lọ mọ́. Ni Ìyá Jẹ́lé bá ń fẹsẹ̀ rìn. Oṣù kan ò pé tí orúnkún ọ̀tún rẹ̀ fi wú bí búrẹ́dì tó gba ìwúkàrà.

Ọ̀gá ilé-ìwé, obìnrin aláàánú tí kì í fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n, pè é lọ́jọ́ tí wọ́n gba ìsinmi.

“Ẹ̀gbọ́n mi,” ó ní, “ẹ ò lè máa dé ní aago mẹ́wàá kí àwọn ọmọ máa gun orí tábìlì dè yín. Bí a bá wọlé padà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ márùn-ún, tí ẹ ò bá tíì rí ọ̀nà gbà dé lásìkò, màá fa kíláàsì yín lé ẹlòmíràn lọ́wọ́. Ọ́fíìsì wa tó wà nísàlẹ̀ máa gbà yín. Ẹ ó máa bá wa tọ́jú ìwé.”

Ìyá Jẹ́lé délé, ó na ẹsẹ̀ lórí àpótí rẹ̀, ó ro ẹjọ́ náà fún ọkọ.

“Ìwé kì í sunkún, kì í rẹ́rìn-ín,” ó ní. “Kí ni màá máa bá ìwé sọ?”

“Màá máa gbé ọ débẹ̀,” ni Bàbá Téèpù wí.

“Kí lẹ máa fi gbé mi? Ọmọlanke tẹ́ ẹ fi ń ti pákó?”

Ọkùnrin náà bọ́ síta. Ó ti wa ọkọ̀ akẹ́rù rí nígbà èwe, ó sì mọ ibi tí ọkọ̀ kan wà. Ẹnì kan tó ń sin adìẹ létí ìlú ní jíìpù kékeré kan, onílẹ̀kùn méjì, tó ti jókòó sábẹ́ igi fún ọdún mẹ́jọ. Bàbá Téèpù bá a kan ilé adìẹ tuntun, òun náà sì fún un ní jíìpù. Nígbà tí wọ́n fi okùn fà á délé, adìẹ mẹ́ta ló wà lórí àga ẹ̀yìn. Méjì sọ̀kalẹ̀. Ìkẹta sàba lórí ẹyin rẹ̀, ó ń wo wọ́n bí ìyálé tó ń wo ìyàwó tuntun.

Ìyá Jẹ́lé jáde wá wò ó. Ó yí i po lẹ́ẹ̀kan.

“Ọkọ̀ nìyí àbí àgò adìẹ?” ló bèèrè.

“Tó bá di ọjọ́ ìwọlé, wàá mọ èyí tó jẹ́.”

Mọkálíìkì tó bá a dá sí i, ọ̀rẹ́ rẹ̀ àtìgbà èwe ni. Ó-ku-díẹ̀ ni wọ́n ń pè é, nítorí bó bá tú ọkọ̀ èèyàn palẹ̀ láti imú dé ìdí, tí olówó ọkọ̀ bá bèèrè pé ibo ló kù sí, èsì kan náà ló ní. Ó gbé orí bọ inú jíìpù, ó gbé e jáde, òwú aláǹtakùn ti so mọ́ etí rẹ̀. Ó ní, “Ó ku díẹ̀.”

Ẹ̀yìn ilé iṣẹ́ Bàbá Téèpù, láàárín àgékù pákó, ni wọ́n ti ṣiṣẹ́ náà. Wọ́n tú táǹkì epo, ìpẹtà tó wà nínú rẹ̀ pọ́n bí tíì. Wọ́n da òkúta wẹ́wẹ́ sí i, wọ́n bu omi ọṣẹ lé e, wọ́n sì ń mì í láàárín ara wọn bí ìyá méjì tó ń jà du ọmọ, títí omi rẹ̀ fi mọ́. Wọ́n yọ ilé eku kúrò níbi tí ẹ́ńjìnì ti ń mí. Bíréèkì ti gan. Ó-ku-díẹ̀ bẹ̀ ẹ́, ó bú u, ó fi òòlù pàrọwà fún un, ó sì gbọ́. Ilẹ̀ ọkọ̀ ti jẹ débi pé èèyàn lè jókòó sínú rẹ̀ kó máa ka èèrà.

“Fi èyí sílẹ̀ fún mi,” ni Bàbá Téèpù wí, ó ti mú pákó.

“Jíìpù là ń tún ṣe, kì í ṣe kọ́bọ́ọ̀dù,” ni Ó-ku-díẹ̀ fèsì. “Irin ni yóò gba.”

Wọ́n jà sí i títí di ọ̀sán. Níkẹyìn wọ́n pe wẹ́dà kan tó jó irin sí i, Bàbá Téèpù sì tẹ́ pákó dídán lé irin náà lórí. Ó gbẹ́ ọwọ́ ilẹ̀kùn, ó gbẹ́ orí jíà, ó kan àpótí tó kún fún eérún pákó sí ẹ̀yìn fún adìẹ tí kò fẹ́ lọ.

Ó ku ọ̀nà. Bàbá Téèpù fẹsẹ̀ gun òkè náà tòun ti téèpù àti ṣọ́ọ̀kì ìyàwó rẹ̀, ó ń bẹ̀rẹ̀ nídìí òkúta kọ̀ọ̀kan. Èyí tó wà ní kọ́nà kẹta ló ga jù, íńṣì mọ́kànlá. Ikùn jíìpù sì fi íńṣì mẹ́sàn-án péré ga sílẹ̀. Ó ròyìn fún ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ó-ku-díẹ̀ wá táyà ńlá sí i, ó fi irin há ìdí sípíríǹgì, jíìpù dìde fi íńṣì mẹ́rin ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ọ̀rẹ́ méjèèjì ń yí i ká bí ẹni tó bí ọmọ.

Sátidé tó ṣáájú ọjọ́ ìwọlé, ẹ́ńjìnì jí. Ó húkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó tu èéfín dúdú kan, ó wá ń kùn bí ológbò tó yó. Wọ́n pe Ìyá Jẹ́lé. Ó jáde nínú kábà tó fi ń lọ sílé-ìwé, báàgì léjìká, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó dé ẹnu ilẹ̀kùn jíìpù, ó dúró. Ibi tó yẹ kó gbé ẹsẹ̀ lé fẹ́rẹ̀ẹ́ dé itan rẹ̀.

“Àkàbà dà?” ló bèèrè.

“Gbé ẹsẹ̀ òsì síwájú,” ni ọkọ rẹ̀ wí. “Ọ̀tún á tẹ̀ lé e.”

“Tí òsì bá lọ sókè, ta ló máa dúró nílẹ̀? Ṣebí ọ̀tún tó ń dùn mí náà ni.”

Ó-ku-díẹ̀ wọ inú ọkọ̀, ó na ọwọ́ sí i. Bàbá Téèpù ń tì í láti ẹ̀yìn. Ọ̀kan ń fà, ọ̀kan ń tì, Ìyá Jẹ́lé há sáàárín bí tìmùtìmù lẹ́nu ọ̀nà tóóró. Aránṣọ tó wà ní òdìkejì dá ẹ̀rọ rẹ̀ dúró kó lè ríran dáadáa.

“Ó ku díẹ̀, ìyàwó wa,” ni mọkálíìkì wí.

“Díẹ̀ wo ló kù? Ẹ ti fẹ́ yọ mí léjìká.”

“Bàbá Téèpù,” ni aránṣọ pè láti ojú fèrèsé, “ẹ tú ẹsẹ̀ wọn, kẹ́ ẹ tún un tò tí wọ́n bá wọlé tán.”

Ìyá Jẹ́lé fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín, wọ́n sì jọ rín in títí. Nígbà tí ẹ̀rín tán, ó gbé báàgì rẹ̀ kọ́ dáadáa.

“Ẹ ṣeun,” ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́. “Ẹ ti gbìyànjú. Ìwé náà ò burú.”

Ó wọlé lọ. Ọ̀rọ̀ náà dun ọkọ rẹ̀ ju òòlù tó bà lé àtàǹpàkò lọ.

“Ìwọ tó o wọn gbogbo òkúta òkè,” ni Ó-ku-díẹ̀ wí, “ṣé o wọn ìyàwó ẹ?”

“Ká sọ ọkọ̀ náà kalẹ̀ padà.”

“Kọ́nà kẹta á wá fa ikùn ẹ̀ ya.”

Bàbá Téèpù wọlé, ó kúnlẹ̀ níwájú ìyàwó rẹ̀, ó ní kó gbé ẹsẹ̀ dé ibi tí kò ti ní dùn ún. Íńṣì mẹ́sàn-án. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n tí wọ́n ti jọ wà, ọjọ́ yẹn ló kọ́kọ́ fi téèpù kàn án. Ó padà síta, ó kan àtẹ̀gùn pákó líle kan, ó fi nọ́ọ̀tì mẹ́rin dè é mọ́ abẹ́ ilẹ̀kùn. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, Ìyá Jẹ́lé ti gun ún, ó ti jókòó sínú ọkọ̀ bí ayaba, aránṣọ pàtẹ́wọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, tọkọtaya náà dán ọ̀nà wò. Jíìpù gòkè bí ewúrẹ́. Kọ́nà kìíní, kò ṣe nǹkan kan. Kọ́nà kejì, Ìyá Jẹ́lé ti ń kọrin. Ní kọ́nà kẹta, ikùn ọkọ̀ kọjá lórí òkúta láìfara kàn án, ṣùgbọ́n ohun kan dún gbàù. Àtẹ̀gùn ni. Ó rọ̀ sílẹ̀ ju ikùn ọkọ̀ lọ, òkúta sì ti já a. Bàbá Téèpù sọ̀kalẹ̀, ó gbé e bí ẹni gbé òkú ẹran, ó jù ú sẹ́yìn. Adìẹ pariwo. Wọ́n yí padà sílé.

Wọ́n délé, ọkọ sọ̀kalẹ̀, ìyàwó ò lè sọ̀kalẹ̀.

“Bàbá wọn,” ó ní, “ṣé inú ọkọ̀ yìí ni mo máa sùn? Ẹ bá mi gbé àpótí mi nílé ìdáná.”

Ó gbé e wá, ó gbé e sí abẹ́ ilẹ̀kùn. Ìyá Jẹ́lé tẹ̀ ẹ́, àpótí mì kẹ́ẹ́, ó sọ̀kalẹ̀. Ó dúró, ó wo àpótí, ó wo jíìpù. Ó tún tẹ̀ ẹ́, ó gòkè. Ó sọ̀kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì.

“Rárá,” ni ọkọ rẹ̀ wí. “Kì í ṣe èyí. Màá kan òmíràn tó dára nísinsìnyí.”

“Kí ló ṣe èyí?”

“Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrú. Ṣé níwájú gbogbo ilé-ìwé lo fẹ́ gbé e kalẹ̀, kí wọ́n ní ọwọ́ mi ló kàn án?”

“Ẹsẹ̀ tèmi náà kan ò pé,” ni Ìyá Jẹ́lé dáhùn. “A ti mọ bí a ṣe ń gba ti ara wa.”

Bàbá Téèpù bá fa téèpù yọ, ó wọn àpótí náà. Íńṣì mẹ́sàn-án géérégé, àyàfi ẹsẹ̀ kan tó jẹ́ mẹ́jọ àti ààbọ̀. Ìyá Jẹ́lé tú ìgbànú kábà àtijọ́ kan, ó so ó mọ́ ọn, kó lè máa fà á tẹ̀ lé ara rẹ̀ bó bá ti wọlé.

Ní Mọ́ńdè, aago méje ààbọ̀ kò tíì lù tí jíìpù fi wọ ẹnu ọ̀nà ilé-ìwé. Ọ̀gá wo aago, ó wo jíìpù, ó wo adìẹ, kò sì sọ ju “Ẹ káàárọ̀, Ẹ̀gbọ́n mi” lọ. Ìyá Jẹ́lé ju àpótí sílẹ̀, ó sọ̀kalẹ̀. Kó tó yíjú, àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ ti tò, wọ́n ń gun àpótí náà lọ́kọ̀ọ̀kan láti wo inú ọkọ̀, wọ́n sì ń pariwo fáyọ̀ bó ṣe ń mì. Kò sẹ́ni tó béèrè ẹni tó kàn án.

Ọkọ̀ ni àpótí náà wá ń gbé. Nígbà tó di Jímọ̀ọ̀, Bàbá Téèpù kan òmíràn fún ilé ìdáná, ẹsẹ̀ mẹ́rin tó dọ́gba bí ìbejì méjì. Ìyá Jẹ́lé jókòó lé e, ó yí ìdí, ó dìde, ó tún jókòó.

“Ó dára,” ó ní, “ṣùgbọ́n kò mì.”

“Ṣé ó yẹ kó mì ni?”

“Ara mi ti mọ́ èyí tó ń mì.”

Bàbá Téèpù mú ayùn, ó gbé e lé ẹsẹ̀ kan. Ọwọ́ rẹ̀ kọ̀, kò lè gé e wọ́. Ó bá fi ayùn sílẹ̀, ó ká pépà kan, ó há a sábẹ́ ẹsẹ̀ náà. Ìyá Jẹ́lé jókòó. Ó mì díẹ̀ sọ́tùn-ún, ó mì díẹ̀ sósì.

“Ó ku díẹ̀,” ó ní.

Ọkọ rẹ̀ yọ pépà náà, ó sì tún un ká lẹ́ẹ̀kan sí i.