Báàsì Ni Mo Sọ, Bọ́ọ̀sì Ni Wọ́n Gbọ́

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ jókòó, kí n ròyìn ohun tí ojú mi rí lọ́jọ́ ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Aké.

Ẹ mọ̀ pé báàsì kilarinẹ́ẹ̀tì ni mò ń fọn, fèrè dúdú gíga tí ohùn rẹ̀ ń ti ìsàlẹ̀ wá. Ọdún mẹ́fà ni mo fi jókòó sẹ́yìn àwọn tó ń fọn tròmpẹ́ẹ̀tì, tí mò ń ṣe "hùn, hùn" bí ẹni inú ń run. Ta ló kọ orin tí irú fèrè yìí lè dá fọn? Kò sí! Ni mo bá jókòó sílé mi ní Adigbe, mo fúnra mi kọ ọ̀kan, oṣù mẹ́rin gbáko. Mo wá sọ fún akọ̀wé ìjọ lórí fóònù pé mo fẹ́ "present" báàsì lọ́jọ́ ìkórè.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti di èèyàn pàtàkì. Bàbá Ìjọ, tó máa ń pe fèrè mi ní ìkòkò tábà, gbá mi mọ́ra. Wọ́n bi mí bóyá tuntun ni. Mo ní tòkúnbọ̀ ni, ṣùgbọ́n ó ṣì lágbára. Wọ́n ní ṣé ó máa gbé àwọn àgbà? Mo ní ó ń gbé tàgbà tèwe! Wọ́n ṣàdúrà fún mi títí. Mo ní ojú àwọn èèyàn wa ti là sí orin gidi nìyẹn. Òmùgọ̀ èmi!

Ọjọ́ pé. Ìjókòó iwájú ni wọ́n fún mi. Akọ̀wé kéde pé kí n wá gbé bọ́ọ̀sì ìjọ kalẹ̀. Mo rò pé ẹnu rẹ̀ ló wúwo. Bí mo ṣe ṣí àpótí fèrè mi, gbogbo ìjọ yíjú sẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n tilẹ̀ ti yan dírẹ́bà tó máa wà á, ojú fèrèsé ló dúró sí tó ń wo ìta.

Mo fọn ún. N kò fọn ún dáadáa tó bẹ́ẹ̀ rí. Bàbá Ìjọ ń bi akọ̀wé léèrè kọ́kọ́rọ́ bọ́ọ̀sì, akọ̀wé ń wo bàtà ara rẹ̀. Ìgbà yẹn ló tó yé mi pé bọ́ọ̀sì ni wọ́n gbọ́ lórí fóònù. Nígbà tí mo parí, "àmín" tí wọ́n ṣe, bíi ti ìsìnkú ni. Ó dùn mí wọra.

Màmá àgbà kan, tó ń gun ọ̀kadà wá láti Òṣíẹ̀lẹ̀ pẹ̀lú orúnkún tó ń ro wọ́n, nìkan ló pàtẹ́wọ́. Wọ́n dúró dè mí níta.

"Ọmọ mi, fèrè yẹn dùn. Ó gbé mi débi tí n kò dé rí."

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Ṣùgbọ́n kò lè gbé mi dé Òṣíẹ̀lẹ̀."

Wọ́n sì lọ wá ọ̀kadà.

Ẹ̀kọ́ mi? Ẹni tó bá fẹ́ràn nǹkan, kó pe orúkọ rẹ̀ kó yéni. Orin kejì ti wà lọ́wọ́ mi, ìwé ni màá fi kọ orúkọ fèrè náà ránṣẹ́ sí akọ̀wé lọ́tẹ̀ yìí. Ẹ̀yin ńkọ́? Ṣé ẹ ti gbé ohun tó dùn jáde rí, tí àwọn èèyàn ń wo ẹ̀yìn yín bóyá nǹkan mìíràn ń bọ̀? Ẹ sọ tiyín nísàlẹ̀ níbí. Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá sì ní bọ́ọ̀sì lóòótọ́, màmá ṣì ń gun ọ̀kadà.