Ilé Tí Bàbá Wa Kọ́ sí Máídúgùrì

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí n kò tí ì lè dá garawa omi gbé, ni Bàbá wa bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́lé sí Máídúgùrì. Ọmọ Ọ̀sí ni wọ́n, iṣẹ́ olùkọ́ ló gbé wọn débẹ̀. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tí ẹ dàgbà lápá ọ̀hún mọ oòrùn tí mò ń wí, èyí tí í mú kí iyanrìn máa jó ni lẹ́sẹ̀ láàárọ̀ kùtù.

Bàbá kò fẹ́ ilé bíi ti gbogbo ayé. Wọ́n ní kí ògiri nípọn, kí fèrèsé kéré, kí àjà ga, kí igi dongoyaro sì wà láàárín àgbàlá. Iṣẹ́ àwa ọmọ ni láti máa bu omi wọ́n búlọ́ọ̀kù láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, torí oòrùn a máa tètè mú un gbẹ, á sì sán. Ọjọ́ tí mo bá gbàgbé, ìkúnlẹ̀ ni, nínú iyanrìn gbígbóná náà. Ẹkún mi kì í pẹ́, Ìyá wa á ti pè mí wá jẹ iyán, iṣu tí wọ́n fi ránṣẹ́ láti Ọ̀sí.

Ìyá nìkan ló ń béèrè pé, “Bàbá Bọ̀dé, ti ilé wa ńkọ́?” Bàbá á rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní ilẹ̀ Ọ̀sí kò ní sá lọ. Bí a bá lọ ṣe Kérésìmesì, ọ̀dọ̀ àbúrò wọn tí à ń pè ní Bàbá Kékeré la ń wọ̀ sí. Èmi ń gbádùn rẹ̀, n kò mọ̀ pé ojú ń ti Ìyá.

Ilé parí, ó tutù, ó tura. A ò pẹ́ níbẹ̀ tí àìsàn mú Bàbá, wọ́n sì kú.

Lọ́dọ̀ wa, pálọ̀ ilé tí àgbàlagbà fọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ ni wọ́n ń tẹ́ ẹ sí, iwájú ilé náà ni wọ́n ń sin ín sí. Nígbà tí ọkọ̀ òkú wọ Ọ̀sí, awakọ̀ bojú wẹ̀yìn, ó ní, “Màmá, ilé wo ni ká yà sí?” Àwọn èèyàn ti kún etí títì, wọ́n ń wò wá. Ojú tì mí tí mo fi ki orí bọ abẹ́ ìjókòó.

Bàbá Kékeré ló bọ́ síwájú, wọ́n nawọ́ sí ilé tiwọn. Wọ́n ní, “Ẹ gbé ẹ̀gbọ́n mi wọlé. Ilé wọn nìyí.” Gbogbo ìlú mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀, kò sì sẹ́ni tó já wọn nírọ́. Oore yẹn dùn mí ju èébú lọ.

Nígbà yẹn, garawa omi la fi ń bá ooru jà. Lónìí, ẹ̀rọ amúlétutù ti dé, àwọn ọmọ mi ò tilẹ̀ mọ̀ pé èèyàn máa ń bu omi wọ́n búlọ́ọ̀kù. Bàbá Kékeré ti darúgbó. Bí mo bá kí wọn lórí fóònù, wọ́n á ní, “Bọ̀dé, ilẹ̀ bàbá rẹ wà níbí, koríko ti bò ó.” Mo máa ń ní mo gbọ́, sà. Ojú ń tì mí láti sọ fún wọn pé èmi náà ti ń kọ́lé lọ́wọ́, Máídúgùrì ni.