Ìkòkò tí Àjàgbé Kò Sin sí Àtòsín

Bí ẹ bá béèrè Tíṣà Dúrótoyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni ní Ìdànrè, wọn á ní èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Òótọ́ ni. Èmi Ọmọ́yẹlé ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀, èmi ni mo pọ̀n ọ́n, èmi ni mo ń nu imú rẹ̀, mo mọ̀ pé èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Ṣùgbọ́n èèyàn jẹ́jẹ́ náà máa ń ṣe ohun tí kò dáa, ohùn jẹ́jẹ́ náà ló sì máa ń fi ṣe é.

Jọ́gíráfì ló ń kọ́ àwọn ọmọ ní girama. Bàbá wa fi oko kòkó kan sílẹ̀ fún un ní Àtòsín, ṣùgbọ́n kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí n parọ́, Dúrótoyè ò mọ bí wọ́n ṣe ń di àdá mú. Àjàgbé ló ń ro oko, òun ló ń ká kòkó, òun ló ń fọ́ ọ, òun ló ń sá a. Bí wọ́n bá tà á tán, wọ́n á pín in. Ará Òkèhò ni Àjàgbé. Láyé bàbá wa ló ti dé, òun àti ìyá rẹ̀. Abà yẹn ló ti gbéyàwó, ibẹ̀ ló ti bí Tinúkẹ́. Ṣebí wọ́n ní bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, á di ọṣẹ?

Ìyá Àjàgbé yìí, obìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan ni, aláàdúrà paraku. Kì í pe Dúrótoyè lórúkọ. “Ọkọ mi Tíṣà” ló ń pè é. Nígbà tí ibà dá Dúrótoyè dùbúlẹ̀ ní abà lásìkò tó ṣì ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́, ìyá yìí ló ń bu ẹ̀kọ gbígbóná sí i lẹ́nu bí ọmọ ọwọ́. Ó sì máa ń nawọ́ sí igi obì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ti ń sá kòkó, á ní, “Ọkọ mi, ibí yìí ni kí ẹ tẹ́ mi sí o, kí n lè máa gbọ́ ariwo yín.” Dúrótoyè á rẹ́rìn-ín. Kò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, kò sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Ẹ̀rín yẹn ni ìyá náà gbé lọ bí ìdáhùn.

Nígbà tí ìjọba sọ ilé-ìwé di ọ̀fẹ́, Tinúkẹ́ wọ girama, ó sì bọ́ sí kíláàsì Dúrótoyè. Ọdún kejì rẹ̀ níbẹ̀ ni ẹ̀kọ́ tí mo fẹ́ sọ yìí wáyé. Dúrótoyè lọ sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan ní Ifẹ̀ nígbà ọlidé, ló bá gbé ọ̀rọ̀ ìlú méjì bọ̀ tí kò jẹ́ kí etí wa sinmi. Mo mọ ẹ̀kọ́ náà ju àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ lọ, nítorí èmi ló kọ́kọ́ fi ṣe kíláàsì nínú ṣọ́ọ̀bù mi.

Ó ní àwọn kan wà tí wọ́n ń pè ní Inupiat, lókè réré Alaska ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, níbi tí oòrùn kì í ti í yọ rárá tí òtútù bá mú. Wọn kì í dáko. Kí ni wọ́n fẹ́ gbìn sínú yìnyín? Ẹja àbùùbùtán ni wọ́n ń pa lójú òkun. Bí wọ́n bá pa ọ̀kan, gbogbo ìlú ni yóò tú jáde wá fà á gòkè, gbogbo ìlú ni yóò sì jẹ nínú rẹ̀: opó, arúgbó tí kò lè dìde, àlejò tó kàn ń kọjá lọ. Ìgbà tó yá, wọ́n rí epo rọ̀bì nínú ilẹ̀ wọn. Wọ́n bá ìjọba Amẹ́ríkà fà á, wọ́n pàdánù ilẹ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n dá ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ tí àwọn ọmọ onílẹ̀ ní ìpín nínú rẹ̀, owó orí tí àwọn elépo sì ń san ni wọ́n fi ń kọ́ ilé-ìwé. Síbẹ̀, oúnjẹ inú ṣọ́ọ̀bù wọ́n bí ojú lọ́dọ̀ wọn, ọtí sì ń ba àwọn ọ̀dọ́ wọn kan jẹ́.

Mo ní, “Epo rọ̀bì náà kọ́ yẹn? Èyí tó wà ní Nàìjíríà yìí, ta ló fún èmi ní ìpín?” Ó ní kí n ṣe sùúrù, òun ò tíì parí.

Ó ní Indonesia ni ìkejì. Ilẹ̀ olóoru ni bíi tiwa, erékùṣù lọ súà. Ìrẹsì ni wọ́n ń gbìn jù, wọ́n ń gbin rọ́bà, àwọn kan sì ti ń gbìyànjú kòkó. Àwọn náà ní epo rọ̀bì, ṣùgbọ́n ọwọ́ àgbẹ̀ kì í sábà tó owó rẹ̀. Èèyàn pọ̀ ní Java, ọ̀kan nínú àwọn erékùṣù wọn, débi pé ilẹ̀ àgbẹ̀ míì ò ju àgbàlá lọ. Ni ìjọba bá ń kó ìdílé kọ̀ọ̀kan sọdá òkun lọ sí erékùṣù tí èèyàn ò ti pọ̀, wọ́n ń fún wọn ní ilé pákó, irúgbìn, àti ilẹ̀ tí wọ́n á máa pè ní tiwọn, àwọn àti òkú wọn.

Mo ní, “Àwọn tó ni ilẹ̀ yẹn tẹ́lẹ̀ ńkọ́?”

Ó wò mí. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ìbéèrè gidi lẹ bi yẹn.” Ó gbé báàgì rẹ̀, ó lọ.

Nígbà tó wá dé iwájú kíláàsì, ó fa ìlà sí àárín pátákó, ó kọ ti Inupiat sápá kan, ó kọ ti Indonesia sápá kejì. Ó sọ ìyàtọ̀ wọn títí, ó wá ní ohun kan ṣoṣo ló yẹ kí wọ́n fi sọ́kàn: ìlú tó bá mọ̀wà hù kì í lé ẹni tó bá a ṣiṣẹ́ kúrò nídìí àwo. Àwọn ọmọ pàtẹ́wọ́. Tinúkẹ́ gbé ọ̀rọ̀ náà délé bó ṣe gbọ́ ọ gẹ́lẹ́. Bàbá rẹ̀ ní kó tún un sọ, ìyá àgbà náà ní kó tún un sọ. Ó dùn mọ́ wọn bí oyin.

Òjò ọdún yẹn kò tíì dá tí ìyá náà fi kú.

Ní àárọ̀ ọjọ́ tó kú, Àjàgbé dé ilé wa, ojú rẹ̀ wú. Ó dọ̀bálẹ̀ fún Dúrótoyè, ó ní, “Tíṣà, ìyá yín ti lọ o. Abẹ́ igi obì tí wọ́n ń sọ náà ni. A ti gbẹ́ ẹ. Ẹ̀yin nìkan là ń dúró dè.”

Kò tọrọ àyè. Ẹ gbọ́ mi dáadáa: kò tọrọ àyè, nítorí lójú tirẹ̀, wọ́n ti fún un láyè ní kíláàsì. Ní ilẹ̀ wa níhìn-ín, àlejò lè gbin iṣu sórí ilẹ̀ onílẹ̀, ó lè gbin ẹ̀gẹ́, kò sẹ́ni tí yóò bá a wí. Ṣùgbọ́n òkú ọ̀tọ̀. Ibi téèyàn bá sin ìyá rẹ̀ sí, ibẹ̀ ló ti ń di onílẹ̀. Bàbá Fọláyan, àbúrò bàbá wa, wà níjokòó nígbà tí Àjàgbé sọ̀rọ̀. Ọtí ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgàdàgídí tó ń mu há a lọ́fun. Kíá, gbogbo wa dórí ọ̀nà Àtòsín.

Nígbà tí a dé ibẹ̀, wọ́n ti fi aṣọ funfun wé ìyá náà. Àwọn aláàdúrà ń kọrin jẹ́jẹ́. Tinúkẹ́ wọ yúnífọ́ọ̀mù, ó dúró ti igi obì, ó ń sunkún. Bàbá Fọláyan wo kòtò náà, ó ní, “Sàréè kan tó ẹlẹ́rìí mẹ́wàá ní kóòtù. Ọmọ ọmọ rẹ̀ á dé ibí lọ́jọ́ kan, á ní ilẹ̀ ìyá àgbà òun nìyí.” Ó wá yíjú sí Dúrótoyè. “Ṣùgbọ́n ìwọ ni bàbá rẹ fi oko fún. Ohun tó o bá wí la ó ṣe.”

Gbogbo ojú wà lára Dúrótoyè. Àjàgbé ò tiẹ̀ fòyà. Ó ní, “Bàbá, ẹ má ṣèyọnu. Tinúkẹ́ ti sọ fún mi. Tíṣà ní wọn kì í lé ẹni tó bá wọn ṣiṣẹ́ nídìí àwo.”

Dúrótoyè wolẹ̀. Ó ní, “Bàbá Tinúkẹ́, ẹ̀kọ́ nìyẹn.”

“Sà?”

“Mo ní ẹ̀kọ́ ilé-ìwé nìyẹn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbé Màmá lọ sílé.”

Mo pariwo, “Dúrótoyè!” Bàbá Fọláyan ní obìnrin tó ti relé ọkọ kì í dá sí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ baba. Orin àwọn aláàdúrà dá. Àjàgbé ò jiyàn. Ó gba ṣọ́bìrì lọ́wọ́ ẹni tó dì í mú, òun fúnra rẹ̀ ló da iyẹ̀pẹ̀ náà padà, kò jẹ́ kẹ́nikẹ́ni ràn án lọ́wọ́. Ọkọ̀ tó ń kó kòkó ni wọ́n fi gbé ìyá náà lọ sí Òkèhò, nínú òjò. Tinúkẹ́ kò sunkún mọ́. Tíṣà rẹ̀ ló ń wò.

Wọ́n ní ẹni tó ṣu ní í gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Irọ́ ni lọ́dọ̀ tiwa. Àbúrò mi tó ṣu ni kò gbàgbé.

Àjàgbé padà dé lẹ́yìn ìsìnkú, ó gbé ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀ wá kí Dúrótoyè bíi ti àtẹ̀yìnwá. Ó dọ̀bálẹ̀, ó béèrè àlàáfíà, ó padà sẹ́nu iṣẹ́. Bó bá bú u ni, ara ì bá tu Dúrótoyè. Kò lè fẹnu kan ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà. Èmi ni mo kó o, mo dín in fún àwọn ọmọ mi. Ẹ̀rí ọkàn ẹlòmíì kọ́ ló máa jẹ́ kí n wo ọ̀gẹ̀dẹ̀ kó jẹrà. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, bí wọ́n bá ti bẹ̀rẹ̀ orin tí wọ́n kọ lábẹ́ igi obì yẹn, Dúrótoyè á dìde, á jáde. Nígbà tí ọdún yípo, tó kan ẹ̀kọ́ ìlú méjì náà, ó fò ó, ó lọ kọ́ wọn ní ọ̀rọ̀ àpáta.

Ó wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ kan. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ yẹn kì í wojú mi mọ́.”

Mo ní, “Kí ló fẹ́ wò níbẹ̀?”

Ó bú sẹ́kún. Àgbàlagbà! Ó ní òun ò mọ ohun tó bọ́ sóun lẹ́nu, pé ẹ̀rù kóòtù ló ba òun, pé ẹ̀kọ gbígbóná yẹn ni òun ń rántí ṣáá. Àánú rẹ̀ ṣe mí, inú sì tún ń bí mi. Bàbá àgbà wa wà lórí òkè lọ́hùn-ún, ní ìlú àtijọ́ tí a ti sọ̀kalẹ̀. Bí a bá fẹ́ dé ibojì rẹ̀, orúnkún á máa ké. Àwa yìí la mọ ohun tó ń jẹ́ kí òkú ẹni jìnnà síni. Mo ní, “Ẹnu tó o fi lé e ni kó o fi bẹ̀ ẹ́.” Ó ní òun á lọ. Ó gbéra lọ sí Àtòsín lọ́jọ́ yẹn, ó dé ìdajì ọ̀nà, ó padà. Bẹ́ẹ̀ ló ń ṣe títí, tí ìyàwó Àjàgbé fi lóyún, tí oyún fi dàgbà.

Bí a ṣe gbọ́ pé ó ti bímọ, obìnrin, Dúrótoyè fò sókè. “Yétúndé! Ẹ̀gbọ́n mi, Màmá ti padà wá! Abà yẹn náà ló padà wá sí!” Mi ò rí i kó rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ láti ìgbà ikú yẹn. Ó mú ọkọ́ lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó ní kí n wá ṣe ẹlẹ́rìí, pé òun fúnra òun ni yóò gbẹ́ ilẹ̀ tí wọn yóò sin ekejì ọmọ sí, lábẹ́ igi obì. Ohun tó ń rò yé mi. Ibi tí wọ́n bá sin ibi tó tẹ̀lé ọmọ jáde sí, ibẹ̀ ni ilé ọmọ náà. Ẹ̀yìn abà yẹn ni wọ́n sin ti Tinúkẹ́ sí láyé bàbá wa, kò sì sẹ́ni tó bi wọ́n léèrè.

A ò dé abà. Ojú títì Àtòsín la ti pàdé Àjàgbé, ó wọ aṣọ ìrìnàjò, ó ń dúró de ọkọ̀ tí yóò gbé e dórí ọ̀nà Òkèhò. Ìkòkò tuntun kan wà ní àyà rẹ̀, wọ́n fi aṣọ funfun dé e lẹ́nu. Mo mọ ohun tó wà nínú rẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

Dúrótoyè náà mọ̀ ọ́n. Ó ju ọkọ́ sílẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú eruku, lójú gbogbo ayé.

“Háà, Tíṣà! Ẹ dìde, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ sí mi!”

“Bàbá Tinúkẹ́, mo ṣẹ̀ yín. Mo ṣẹ Màmá. Ẹ má gbé e lọ. Ẹ sin ín síbí. Mo sọ ọ́ lójú ẹ̀gbọ́n mi, abẹ́ igi obì yẹn di tiyín, tọmọtọmọ yín.”

Àjàgbé bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ tìkòkòtìkòkò. Ojú rẹ̀ ò le. Ó ní, “Mo gbọ́, sà. Ẹ ṣeun. Mi ò bá yín jà rí, mi ò sì ní í bá yín jà. Iṣẹ́ yín ni mo máa padà wá ṣe. Ṣùgbọ́n bí ọmọ yìí bá dàgbà, tẹ́nì kan bá tún sọ fún un pé ẹ̀kọ́ ilé-ìwé ni ńkọ́?”

Dúrótoyè dìde díẹ̀díẹ̀. Èmi tí ẹnu mi kì í gbófo, eruku ara aṣọ rẹ̀ ni mo ń gbọ̀n.

Ọkọ̀ dé. Ó ga, Àjàgbé ò sì lè fi ọwọ́ kan ṣoṣo gun un. Ó na ìkòkò náà sí Dúrótoyè, ó ní, “Ẹ bá mi dì í mú, sà.” Dúrótoyè gbà á, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbá a mọ́ra. Nígbà tí Àjàgbé jókòó tán, Dúrótoyè gbé e sókè fún un pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ọkọ̀ sì gbéra.

Mo ṣa ọkọ́ nílẹ̀, mo ní ká máa lọ. Ó ṣì na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì síwájú, ó ń wò wọ́n.

Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ìkòkò náà ṣì lọ́wọ́ọ́wọ́.”